Búùtà Bàbá Mi

Ẹni tó bá ní kí n dárí jì í, kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹwọ́ mi ná.

Nígbà tí mo kúrò ní Ṣakí lọ kọ́ṣẹ́ ológun ojú omi, bàbá mi gbé búùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá nínú oko iṣu wọn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kí omi gbé e lọ."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wa, ẹnì kan wà tó fi ọdún kan ṣáájú wa, ọmọ etí òkun. "Ará oko" ló ń pè mí, torí mi ò mọ omi í wẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ gbá búùtà náà sínú òkun. Ó ní, "Wẹ̀ lọ mú un, ará oko!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọ̀gá wa ní kí ọmọ etí òkun náà jókòó sórí pátákó, ká fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó kun ọ̀dà. Èmi ni mo so okùn mọ́ irin lókè. Mo so ó bí a ṣe ń so iṣu mọ́ àká nílé, ìso tí àjòjì kì í lè tú. Mo fẹ́ kó rọ̀ síbẹ̀ nínú oòrùn títí yóò fi bẹ̀ mí. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, omi ta sí okùn ọ̀rá náà, ìso bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Yéè! Ìtàkùn gbígbẹ ni ìso àká wa mọ̀.

Mo di okùn mú. Ó bó mi lọ́wọ́ yánnayànna. Omi ti mu ọmọkùnrin náà dé àyà.

Mo ní, "Búùtà bàbá mi dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ omi í wẹ̀!"

Àṣé òun náà ò mọ̀ ọ́n! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jẹ́ kó bẹ̀ mí kí n tó ké sí àwọn yòókù.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi fi búùtà oníke da omi sí mi lọ́wọ́, torí mi ò lè di nǹkan mú. Wọ́n ní, "O ṣáà gbà á là. Dárí jì í."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

Irọ́ ni. Títí dòní, ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò jẹ́ kó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹwàá.