Ta Ni Bàbá Pọ́ọ̀lù?

Ọmọ ọmọ mi ní kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo ṣe. Télọ̀ ni mí. Ará Inísà ni mí, Ìkìrun ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìyẹn tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Pọ́ọ̀lù.

Ará Kamẹrúùnù ni. Ogun ló lé òun àtìyàwó ẹ̀ débí. Géńdé ọkùnrin ni nígbà tó wá bá mi pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ó yọ káàdì kan lápò, ó ní ìjọba wa ló fún òun, pé òun lè gbé ibi tó bá wu òun, kóun sì ṣiṣẹ́. Èmi ò mọ̀wé. Mo wo fọ́tò ara ẹ̀, mo wojú ẹ̀, mo ní, "Ìwọ náà ni. Mú sísọ́ọ̀sì."

Àlàájì tó nilé tí mo háyà kò fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni, àmọ́ ẹnu ẹ̀ kì í sinmi.

"Bàbá Ṣadé, àwọn ọmọ wa ò ríṣẹ́, ò ń kó àlejò jọ."

"Rán tìẹ wá kó wá kọ́ṣẹ́."

"Tèmi ti lọ yunifásítì."

"Ó dáa. Pọ́ọ̀lù, máa rán bọ́tìnì ẹ lọ."

Ó mọṣẹ́ kíákíá. Àgbádá Iléyá Àlàájì ló kó o sí wàhálà. Mo lọ sí Ìbà lọ́jọ́ náà, mo ní kó bá mi gé e. Kò rán àgbádá rí. Ó fi téèpù wọn àyà Àlàájì, ó wọn ikùn ẹ̀, ó gé e kó bá ara mu gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo dé, Àlàájì ti wọ̀ ọ́, kò lè gbápá sókè. Àgbádá tí èèyàn ò lè ká sí èjìká.

Mo ní, "Àlàájì, síngíléètì yìí mà dára."

Ó pẹ́ kó tó tún kí mi.

Nígbà tó yá, Pọ́ọ̀lù kọ́ṣẹ́ tán, ó ku fírídọ́ọ̀mù. Ọmọṣẹ́ tí ò bá ṣe é, ẹgbẹ́ télọ̀ ò ní jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Pọ́ọ̀lù sì ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Òkukù, ìyàwó ẹ̀ ti gbálẹ̀ ibẹ̀. Ní tiwa, bàbá ọmọṣẹ́ ló ń jókòó níwájú, tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá.

Alága ẹgbẹ́ wo káàdì Pọ́ọ̀lù, ó ní, "Káàdì yìí, tìjọba ni. Ta ni bàbá ẹ̀? Tó bá kó aṣọ oníbàárà lọ, ọ̀dọ̀ ta la máa lọ?"

Mo ní èmi ńkọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́, Bàbá. Ẹ ò lè tún gbà á."

Mo sọ fún Àlàájì. Ó ní kò kan òun.

Lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù, àga iwájú ṣófo. Pọ́ọ̀lù ti kúnlẹ̀. Alága ní kó dìde, kó máa lọ sílé. Ìgbà yẹn ni Àlàájì wọlé. Àgbádá fífún yẹn ló wọ̀. Ó rọra jókòó sí àga iwájú, kí ojú rírán má baà já.

Alága ní, "Àlàájì, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni bàbá ẹ̀. Ta ló lè rán irú èyí fún mi, tí mo máa jẹ́ kó lọ láyọ̀, tí kì í bá ṣe ọmọ mi?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n ní ká kúrò ní Gáná, mo wá ẹni tó máa dúró fún mi. Mi ò rí."

Mo gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, ó gbé e fún Pọ́ọ̀lù.

Mo ti ní kí Àlàájì mú àgbádá yẹn wá, kí n tú u, kí n fi aṣọ kún un. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Tó bá ń lọ sí Òkukù, òun ló máa ń wọ̀. Ó ní tí wọ́n bá bi òun ta ni bàbá Pọ́ọ̀lù, òun ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.