Omi Ìgbín tí Màmá Ò Rí Kán

Lọ́dún tí mo ń ṣe àṣekágbá ní yunifásítì l'Akọkà, bàsíà ìgbín kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa ní Ladi-Lak. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ wọn díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kì í pupa, tó jẹ́ pé tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á máa di búlúù. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń pa kòkòrò àrùn. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ ni mò ń kà níwèé.

Ìyá bàbá mi, tá a jọ ń gbé, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló kọ́ ìgbín níjà yẹn?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, Màmá. Àbímọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tiwa máa ń rántí àrùn tó ti ṣe wá rí. Ti ìgbín ò mọ ìyẹn, kòkòrò tó bá ṣáà ti wọlé, á gbé e mì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. A ti ń lò ó l'Ógbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wá bí ọkùnrin. Nílé wa, tí wọ́n bá ti kọ ọmọ nílà, Màmá ló máa ń fọ́ ìdí ìgbín, kí omi ẹ̀ lè kán sójú ọgbẹ́. Ó ṣe é fún bàbá mi, ó ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ra ìgbín tiẹ̀ lọ́jà Bariga sílẹ̀. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní kòkòrò tí kò lè ṣe ìgbín ní nǹkan kan ṣì lè wà lára ẹ̀, kó sì wọnú ọgbẹ́ ọmọ. Bí ìgbín bá ń tẹnu mọ́gi, á gùn ún: mo wí, mo tún un wí, títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbà. Nọ́ọ̀sì kọ ọmọ nílà, ó sì di ojú ọgbẹ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbín lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọgbẹ́ jiná dáadáa. Òótọ́ ni mo sọ, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àmọ́ nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé fún Màmá, ó ní, "Gbogbo ọmọkùnrin ilé yìí ni ọwọ́ mi tù lára lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ ìrora. Kí lèyí máa fi mọ̀ mí?"

Mo ní, "Ah, Màmá, ẹ̀yin náà. Á mọ̀ yín."

Kò pé ọdún tí Màmá fi kú, ọmọ ò tíì fọhùn. Àárò ẹ̀ ń sọ mí, títí kan bó ṣe máa ń bá mi jà. Ọmọ ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, ó nàka sí fọ́tò Màmá tó wà lára ògiri, ó ní, "Àǹtí, ta nìyẹn?"