Ohun Tí A Kúnlẹ̀ Tì Lórí Òkè

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa, ọmọ Abẹ́òkúta, tó gbà mí bí ọmọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Manchester. Màmá ni mo máa ń pè é. Ohun tó máa ń yà á lẹ́nu ni pé òkè pọ̀ yí ìlú yìí ká, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì gun orí rẹ̀ lọ gbàdúrà.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo lọ gbé e ní Newton Heath, ó di orí òkè. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a gba ẹnu géètì kan wọlé. Wọ́n kan pátákó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òjò ti fọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dànù. Kò sí igi, kò sí ilé. Koríko, ẹrẹ̀ dúdú àti àgùntàn nìkan ni. Atẹ́gùn le débi pé Màmá ní ká wá ibi forí pamọ́ sí. A rí kòtò kan tó rí róbótó bí ọpọ́n, koríko ti hù bò ó. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà níwájú. Mo rò pé àgbàrá ló gbẹ́ wọn. A sọ̀kalẹ̀, a kúnlẹ̀.

Àdúrà ti wọ Màmá lára, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Ó dákẹ́ lójijì.

"Kí ni mo fọwọ́ bà yìí?"

Mo lajú. Irin kan yọrí nínú ẹrẹ̀, ó ti dípẹtà, ó tóbi ju ìgò lọ, ìdí rẹ̀ sì ní abẹ̀bẹ̀ bíi ti ẹja. Ọwọ́ Màmá ṣì wà lórí rẹ̀.

Ọmọdé ni mí nígbà tí àwọn bọ́ǹbù inú bárékè bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní Ìkẹjà. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, à ń sáré láìmọ ibi tí à ń lọ, gíláàsì fèrèsé ń já lulẹ̀ lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwòrán irú irin yìí hàn wá nílé ìwé, pé ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ rọra gbé ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Ṣé ejò ni?"

"Bọ́ǹbù ni, mà."

Bó ṣe ń gbọ́wọ́ sókè, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kan irin náà, ó dún kin-in. 

Ìgbà yẹn ló tó yé mi ohun tó gbẹ́ àwọn kòtò náà. Èwo ló tún wà lábẹ́ koríko tí kò tíì bú? Ojú ẹsẹ̀ tí a fi wá la tún ń tẹ̀ padà. Màmá di ẹ̀yìn kóòtù mi mú, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Má sáré, ọmọ mi. Má sáré." Àgùntàn kan fò dìde nínú koríko, igbe tí mo ké, n kò mọ̀ pé mo ní irú rẹ̀ nínú.

Nídìí mọ́tò, mo ń ṣi nọ́ńbà tẹ̀, Màmá ló bá mi tẹ fóònù pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, lẹ́yìn náà àwọn sójà. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé pé orí òkè yìí ni àwọn ọmọ ogun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àti pé gbogbo ohun tí wọ́n yìn kọ́ ló bú. Ó bèèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án. Màmá nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Sójà náà wò ó, wò ó.

Wọ́n kó wa lọ sí ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó mú kó bú. Mo kọ́kọ́ rí i tí ilẹ̀ dúdú gbéra sókè, kí ìró rẹ̀ tó dé. Nígbà tí mo fi mọ ibi tí mo wà, mo ti dojú bolẹ̀ lójú títì, Màmá sì ti fi ara rẹ̀ bò mí.

Ilé mi la lọ. Màmá kò fẹnu kan oúnjẹ. Ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ó kàn ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun.