Ìṣẹ́jú Kan Tí Ìyàwó Wa Tọrọ

Bí òórùn edé tí wọ́n sá sórí ẹní bá ti ń pàdé rẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, o ti mọ̀ pé o ò jìnnà sí Abereke mọ́. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun, kò sì sí ọṣẹ tó ń lé e lọ tán. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi káàbọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mú un wá láti ìlú òyìnbó. Ìyàwó fi ọwọ́ bo imú díẹ̀, ó sì yára gbé ọwọ́ náà kúrò nígbà tó rí i pé Yèyé, ìyá wa, ń wo òun. Ilé orí òpó tí wọ́n bí gbogbo wa sí ni wọ́n dé sí. Èmi náà wá láti Ugbonla, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́, kí n lè máa ṣe ògbufọ̀ fún wọn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì bá ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà gbé rí. Ọ̀rọ̀ àkókò lẹ́nu ìyàwó wa dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí a bá pè é wá jẹun, á ní ó ku ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tún pè é, ìṣẹ́jú kan náà á ti di ìṣẹ́jú àáyá méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà. Lọ́jọ́ kan ó ní láti ọgọ́rùn-ún ọdún ni òun ò ti rí ọkọ òun kó jẹun tó báyẹn, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n mọra. Bí omi tíì bá pẹ́ kó tó hó, á ní òun ti dúró títí ayérayé. Mo rò ó pé àwọn oní-Gẹ̀ẹ́sì a máa tẹ́ àkókò, wọn a sì máa ká a, bí ìyá wa ṣe ń ṣe ẹní. Èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi. Yèyé ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti tajà pẹ́ ní ọjà Igbókòdá, Gẹ̀ẹ́sì tó tó ìṣẹ́jú kan yé wọn dáadáa, ìṣẹ́jú kan lójú tiwọn kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìbẹ̀wò náà ní ohun tó fà á. Ní ìdílé tiwa, ìyàwó kì í di ti ilé títí àgbà obìnrin yóò fi bu omi odò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkàsọ̀ tí a fi ń gòkè láti inú ọkọ̀. Omi tó ń kún ni wọ́n ń lò. Wọn kì í fi omi tó ń fà ṣe é, wọ́n ní ìyẹn ń jáde nílé ni. Àgbà tó kù fún wa ni ẹ̀gbọ́n Yèyé ní Awoye, àwọn tí wọ́n tọ́ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Ara wọn ò le mọ́, ẹ̀rù sì ń ba Yèyé pé bí a bá fi í falẹ̀, ọwọ́ wọn lè má lè gbé igbá omi mọ́. A ti ránṣẹ́ sí wọn pé à ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí omi tó kún tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Yèyé ti wà nínú ọkọ̀, agbọ̀n ẹja yíyan lórí itan wọn, awakọ̀ sì ti tan ẹ́ńjìnnì. Ìyàwó yọjú lójú fèrèsé, ó na ìka kan sókè, ó ní ìṣẹ́jú kan. Ó wọlé padà. Nígbà tó tún yọjú, ó ní òun ti parí tán báyìí. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí epo má baà jó dànù. Yèyé ń wo gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ní òdìkejì, tó ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń fà. Ìgbà tí ìyàwó fi sọ̀ kalẹ̀, tó ń bẹ gbogbo wa, omi ti fà lọ púpọ̀. A sáré gan-an, àmọ́ sísáré ò ràn wá lọ́wọ́. Níbi tí odò ti fẹ̀ tí kò sì jìn, kí á tó dé Awoye, ọkọ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí omi mọ ohun tó kù láti ṣe. Kò sí. A jókòó, omi fà kúrò lábẹ́ wa, akàn jáde wá ń wò wá. Yèyé kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ọma mi, tó bá fẹ́ kí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ òun, ì bá ti jáde." Ẹ̀gbọ́n mi dorí kodò. Mo mọ ìyá wa: ẹni tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí, ó máa ń pẹ́ kó tó tún rí ojú wọn.

Ìyàwó bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo sọ ọ́ fún un. Kò jiyàn, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní ìró tí Yèyé fún òun ni òun ń bá jà nínú yàrá. Ó fẹ́ ró o fúnra rẹ̀ bí àwọn obìnrin ibí ṣe ń ró o, kí àgbà Awoye lè rí i pé òun gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó ń tú ni ṣáá. Mo ní kí ló dé tó wá ń sọ pé ìṣẹ́jú kan. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní nílùú àwọn, kò sẹ́ni tó ń wo aago bí èèyàn bá sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn ń sọ ni pé òun ò gbàgbé ẹni tó ń dúró de òun.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Yèyé. Wọ́n yí padà, wọ́n wo ìró náà, tó wú níbàdí bí àpò ìrẹsì, ni ẹ̀rín bá gbá wọn mú. Wọ́n ní, "Ṣé n kò sí nílé ni? Kí ló dé tí kò pè mí?" Inú ọkọ̀ tó jókòó sórí ẹrẹ̀ náà ni wọ́n ti ní kó dìde, wọ́n tú ìró, wọ́n tún un ró fún un, awakọ̀ sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àárín àwọn méjèèjì tòrò láti ìgbà yẹn. Mo dúpẹ́ nínú mi.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí omi padà wá gbé wa. Ẹ̀gbọ́n Yèyé ṣì wà lórí àga lókè àkàsọ̀ tiwọn, ọmọ wọn ní láti àárọ̀ ni wọ́n ti kọ̀ láti wọlé. Wọn ò bi wá léèrè ibi tí a ti pẹ́ sí. Wọ́n bu omi tó ń kún, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ìyàwó sì bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé igbá náà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ dà á. Yèyé sunkún. Èmi náà sunkún.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó ń padà lọ sí ìlú òyìnbó, èmi àti Yèyé sìn wọ́n dé Igbókòdá. Ìyàwó dì mọ́ Yèyé, ó ní kí n sọ fún wọn pé láìpẹ́ jọjọ ni àwọn máa tún ríra. Kí n tó lanu, ó dá mi dúró. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Sọ fún wọn pé bí ọyẹ́ bá dé, mo máa dé." Yèyé mi orí pé àwọn ti gbọ́.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé gbogbo ọ̀rọ̀ àkókò tí a ń sọ fún ara wa, ní Gẹ̀ẹ́sì ni o, ní Yorùbá ni o, ẹ̀bẹ̀ ni. À ń bẹ ẹnì kejì pé kó má tíì lọ. Lọ́dún náà, ọyẹ́ dì débi pé a ò rí òdìkejì odò láàárọ̀. Mo bá Yèyé lórí àkàsọ̀, wọ́n ti bu omi kalẹ̀ de ìyàwó wa. Mo ní, Yèyé, a ò tíì gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kankan. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn.