Fèrèsé Àǹtí Faransé

Lọ́jọ́ náà, iná lọ, fáànù dúró, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn àlejò inú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Bàbá ọkọ ìyàwó, awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, ó ní òun máa ṣí fèrèsé. Fèrèsé méjì ló wà lára ògiri, wọ́n ga, ìlẹ̀kùn wọn sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Bàbá fà á, kò ṣí. Ó tì í, kò mì. Ló bá fi èjìká gbá a bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà. Ìgbà tó yíjú padà ni gbogbo ènìyàn rí i pé ẹ̀wù funfun rẹ̀ ti di búlúù láti ọrùn dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀dà lásán ni fèrèsé náà, kò sì tíì gbẹ.

"Ta ló ya fèrèsé sára ògiri?" Bàbá pariwo.

Àǹtí Faransé sáré dé, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Fèrèsé ilẹ̀ Faransé kì í ṣí lọ́sàn-án."

Ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n sin Àǹtí. Yàrá kún, ojú ọ̀run sì ṣú láìrọ̀. Ẹ̀rín bú jáde, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ Àǹtí ni kó máa ṣe gbọ̀ngàn ìgbéyàwó lọ́ṣọ̀ọ́, bíi ti ilẹ̀ Faransé nìkan ló sì máa ń ṣe é. Kò dé ibẹ̀ rí. Àwòrán kan ṣoṣo tó gé lára kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló ní: ilé olókùúta, tábìlì aláṣọ funfun lábẹ́ igi, òdòdó aláwọ̀ àlùkò, àti fèrèsé búlúù méjì tí wọ́n tì pa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, tí abẹ̀bẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìgbà wo lo lọ sí Faransé, ìwọ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ á wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, á sì padà wálé. Ogún ọdún lèmi ti ń wò ó."

Nígbà ìgbéyàwó kan, kò rí òdòdó aláwọ̀ àlùkò rà níbì kankan. Ó kó koríko gbígbẹ, ó rẹ ẹ́ sínú aró, ó sì dì í fún ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ooru mú, ọwọ́ làágùn, aró sì ṣí. Ìyàwó gba àwọn àlejò lọ́wọ́, àwọn náà gba ara wọn lọ́wọ́. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá rí ọwọ́ rẹ lójú títì á mọ ibi tó o ti jẹun ní Sátidé. Àǹtí ní ìpolówó ọjà tó dáa jù nìyẹn.

Nígbà tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó, ọkàn Àǹtí ti ń ṣe ségesège. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré ni Àǹtí ti ṣèlérí fèrèsé tirẹ̀ fún un.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi," ni ìyàwó ń bẹ̀ ẹ́. "Ògiri lásán ti tó mi."

"Ògiri lásán kò tó ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àkàbà pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. Àǹtí lọ to tábìlì méjì léra ní gbọ̀ngàn, ó sì dúró lé wọn lórí. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a, ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì di ìbínú.

"O fẹ́ kú nítorí fèrèsé tí kò ṣeé ṣí! Ogún ọdún tí ooru ti ń pa mí! Bó bá ti ẹ̀ máa pa ọ́, ya ọ̀kan tó ṣí!"

Àǹtí sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó fi aṣọ bo ògiri, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó sùn, kò jí.

Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú.  Ohun tí ẹ̀gbọ́n, ìyá ìyàwó, sọ fún Àǹtí kẹ́yìn nípa iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní kí wọ́n fi ẹfun kun ògiri náà kí òun má bàa rí i. Ìyàwó kọ̀. "Tèmi ni, màmá. Wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó fúnra rẹ̀ fa aṣọ náà wálẹ̀.

Fèrèsé kan ṣoṣo ni. Ìlẹ̀kùn ọ̀tún ò kọjá ilà pẹ́ńsù, àyè kò gba Àǹtí. Ṣùgbọ́n ti òsì ti parí, ó sì wà ní ṣíṣí gbayawu. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ilé olókùúta, kò sí òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni: okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ọpọ́n funfun tí etí rẹ̀ ti já, àti àga méjì tí Àǹtí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́.

Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì náà wà lára àwọn àlejò, ó tún wọ funfun. Ó rọra sún mọ́ ògiri, ó na ìka kan, ó fọwọ́ kàn án, ó sì wo ìka náà dáadáa.

"Ó ti gbẹ," ló wí, omi sì lé sí i lójú.

Iná lọ kí wọ́n tó gé àkàrà òyìnbó. Fáànù dúró, gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Ìyá ìyàwó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jókòó, ó sì gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀ níbí," ó ní. "Atẹ́gùn wà."