Ohùn Kan Nínú Àmín

Aṣọ ni mò ń tà ní Petit Marché, ọjà kan nílẹ̀ àjòjì tí a ń gbé, aṣọ ló sì kọ́ mi ní ìwà tí àwọn ẹbí mi ò fẹ́ràn. Bí ẹni tó kó ọjà wá bá búra pé àwọ̀ aṣọ òun kì í ṣí, mi ò ní bá a jà. N ó ta omi sí etí aṣọ náà, n ó fi ìnujú funfun nù ún, a ó sì jọ wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ìnujú. Àwọn àgbà ló ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n bí èmi bá lò ó, wọ́n á ní mo burú. Àbúrò mi ọkùnrin, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé ní àdúgbò Kirkissoye lódìkejì odò, ní èmi ni n ó bá Mọ́láíkà jiyàn lọ́run.

Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi jẹ́ ti Baba kan, ará Ìlọrin, tó ń ta ẹní ìkírun àti tẹ̀súbà. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà nílùú náà. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, Baba á gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí, á yí ohùn rẹ̀ sókè, a ó sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti Àbújá. Sẹ́nétọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ti apá ọ̀dọ̀ wa lọ, tí ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ká a lára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn onírédíò ilé á jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tú u sí Yorùbá, àwọn ará ilé á sì fi ránṣẹ́ sí Baba.

Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní àwọn kan náà ló ń pààrọ̀ àga mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú àwọn àjọ eré ìdárayá. Ó ní ẹni tí kò sáré rí ló ń pàṣẹ fún àwọn asáré. Nígbà tí wọ́n mú orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi sípò wá síwájú wọn, ó ní apá ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, bíi pé àwọn ìyá tó kù nílẹ̀ náà ò bí ọmọ tó lẹ́sẹ̀. Ó wá bi wọ́n pé: “Kí lẹni yìí ti ṣe nínú eré ìdárayá, kí ẹ tó mú orúkọ rẹ̀ wá?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, ìdí tí mo fi fura nìyẹn.

Mo ní, “Baba, ta ni sẹ́nétọ̀ yìí fúnra rẹ̀ fẹ́ fi síbẹ̀?”

Baba rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, bí wọ́n bá mú ọ dé Àlùjánnà, wàá bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀.”

Ìparí rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ gidi yẹn, ọ̀gá wọn á ní kí àwọn tó gbà dáhùn, ilé á hó. Á ní kí àwọn tí kò gbà dáhùn, àwọn díẹ̀ á hó. Á fi òòlù lu tábìlì, ó tán. Àwọn orúkọ tí sẹ́nétọ̀ bínú sí náà wọlé bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Baba tún un fi sí i. Mo gbé etí lé fóònù, mo ń wá inú ariwo tí ohùn ọkùnrin náà wà, bóyá ti àkọ́kọ́ tàbí ti èkejì. Mi ò rí i yọ.

Baba ní, “Ta ló ń dá ohùn ẹnì kan mọ̀ nínú ariwo?” Ó pa fóònù rẹ̀.

Àbúrò mi gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Mẹkáníìkì ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni ọkàn rẹ̀ wà. Bí ó bá ti kírun Àsùbáà tán, orí pápá ló ń lọ, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí pápá náà ṣì jẹ́ ààtàn. Lọ́dún yìí ni wọ́n ní kí àwọn ẹgbẹ́ àlejò tó wà nílùú kó àwọn ọmọ wọn wá díje nínú bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ wa ní láti yan ẹni tí yóò jẹ́ olórí eré ìdárayá, òun ni yóò máa darí àwọn ọmọ náà, òun náà ni àwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù ìlú yóò mọ̀. Àbúrò mi fẹ́ ipò yìí débi pé kò lè jẹun dáadáa. Bí Baba bá ti fi ohùn sẹ́nétọ̀ sí i, á wò mí, á mi orí, pé ṣé mo gbọ́.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ọkọ ọmọ Baba, tó ń ta fóònù, tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Àgbàlá Baba ní àdúgbò Dar es Salam la ti ṣe é. Àwa obìnrin jókòó sápá kan, àwọn ọkùnrin wà lórí ẹní. Ọkọ ọmọ Baba wọ aṣọ eré ìdárayá tuntun, ó fi fèrè kọ́ ọrùn. Kò tíì sí ẹni tó yan ẹnikẹ́ni o! Àbúrò mi jókòó sẹ́yìn, ó wọ jàlábíà tó fi ń ṣọdún, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

Baba kọ́kọ́ fi ohùn sẹ́nétọ̀ sí i. Ọlọ́run gbọ́, ó fi sí i! Gbogbo wa tẹ́tí. Nígbà tó pa á, mo rí i pé ó ti fẹ́ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Láàárín wa, bí wọ́n bá ti ṣe fátíà lé ọ̀rọ̀ lórí, ọ̀rọ̀ ti parí. Èèyàn lè bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá àdúrà jiyàn.

Mo dìde. “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè sẹ́nétọ̀ ni mo fẹ́ bèèrè. Ẹni tí ẹ fẹ́ yàn yìí, kí ló ti ṣe nínú eré ìdárayá?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Baba ò bínú rárá, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn.

Ó ní, “Ọmọ mi, ti Àbújá nìyẹn. Ilé la wà níhìn-ín. Kala súúrù, àfi sùúrù, bí àwọn onílẹ̀ ṣe máa ń wí.”

Mo jókòó. Baba tẹ́ ọwọ́. Ó ka fátíà, ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà: kí Ọlọ́run ran ọkọ ọmọ òun lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé e, kó má kọsẹ̀, kí àwọn ọmọ wa borí. Àgbàlá hó pé àmín.

Nínú gbogbo ariwo yẹn, mo dá ohùn kan mọ̀. Ti àbúrò mi ni. Ó ṣe é ketekete, bí ìyá wa ṣe kọ́ wa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Ọwọ́ náà pẹ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi débi pé ọwọ́ tèmi wà lórí itan mi títí wọ́n fi túká.

Alùpùpù rẹ̀ ló fi gbé mi lọ sílé. Orí afárá Kennedy ló ti sọ̀rọ̀. Odò Ọya ń lọ nísàlẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn wá bá mi.

“Àǹtí mi, ẹ ò ṣe àmín.”

Mo ní mi ò ṣe. Mo ń dúró kó sọ pé mo dójú ti òun láàárín àwùjọ.

A kọjá odò. Nígbà tí a yà sí òpópónà wa, ó dín eré alùpùpù náà kù.

Ó ní, “Ẹ ṣé.”