Ọgọ́rùn-ún Ẹsẹ̀ Bàtà Tó Kù

Bí ẹ bá dé àdúgbò rélùwéè ní Ọ̀fà, tí ẹ rí ọkùnrin kan níwájú ilé olóògbé Bàbá Sìgínà, tó jókòó tó ń wòkè ṣáá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn fi í ṣẹ̀sín. Rídwàn ni. Páìlọ́ọ̀tì ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà a máa bi í bí wọ́n bá ń kọjá pé ṣé ojú ríran lónìí, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò wa nǹkan tó ju ọ̀kadà lọ rí, òun ló ń fi ẹnu wa bàálù.

Rélùwéè ni bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń fi àmì han ọkọ̀ ojú irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Sìgínà. Ọ̀rọ̀ kan ló fi tọ́ Rídwàn àti Hàlímàt ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bí àmì bá ti pupa, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, ìbáà jẹ́ ọba ló wà nínú ẹ̀. Rídwàn gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàálù, kò sì rú òfin rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, wọ́n pè é láti ilé sí Èkó pé Bàbá ti kú. Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú wọn kì í sùn nílé. Àwọn àbúrò bàbá ní àwọn á dúró di ìrun Àìlà, àwọn ò lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rídwàn gan-an ló sì kàn láti gbé bàálù àárọ̀ yẹn lọ sí Ìlọrin. Ó yẹ kó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ òun, kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò. Kò sọ. Hàlímàt, tó ń ta aṣọ ní Èkó, sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó wọ bàálù àbúrò rẹ̀. Ó ń sunkún, ó sì ń dúpẹ́ pé ọmọ ìyá òun ló ń gbé òun lọ. Gbogbo ohun tó fẹ́ kò ju kó ṣí aṣọ lójú bàbá kí wọ́n tó sin ín.

Nígbà tí wọ́n dé òkè Ìlọrin, eruku ọyẹ́ ti bo ilẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ̀rọ lè tọ́ bàálù sọ́nà, àmọ́ bó bá ti ku igba ẹsẹ̀ bàtà kó kanlẹ̀, páìlọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí. Bí kò bá rí i, kó tètè gòkè. Àmì pupa tiwọn nìyẹn. Rídwàn sọ̀ kalẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó gòkè. Tóbilọ́ba, igbákejì rẹ̀, ní kí wọ́n máa padà sí Èkó. Rídwàn ní ó di ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó dé igba ẹsẹ̀ bàtà, eruku náà ni. Tóbilọ́ba ní kó gòkè. Kò gòkè. Áà, ọ̀fọ̀ ò dáa! Ọkùnrin tó mọ òfin bó ṣe mọ Fátíhà ń sọ̀ kalẹ̀ nínú eruku, ó kó ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn, ojú bàbá rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó ku ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà kó kanlẹ̀ nígbà tí nǹkan yọ níwájú. Orí igi mángòrò ni. Ó súnmọ́ ọn débi pé ó rí òdòdó tó ń yọ lórí rẹ̀. Ó fa bàálù sókè, àwọn èrò figbe ta, wọ́n sì padà sí Èkó. Wọ́n sin Bàbá Sìgínà lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìrìn bàálù kì í bo àṣírí. Wọ́n gba ìwé àṣẹ tó fi ń wa bàálù lọ́wọ́ Rídwàn torí pé ó sọ̀ kalẹ̀ jù. Ó padà sí Ọ̀fà, ó bá ẹbí tó ń pè é ní ojo torí pé kò balẹ̀. Ẹ wo ayé! Níbi sàráà ogójì ọjọ́, àbúrò bàbá kan wò ó lójú, ó ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ eruku lásán ló dá ọmọ tiwọn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Hàlímàt ò rẹ́rìn-ín, kò sì wo ibi tí Rídwàn wà.

Nígbà tí ọdún yípo, Hàlímàt tún wá láti Èkó ṣe sàráà. Àwọn àlejò lọ tán, Rídwàn dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó sọ ohun tí kò sọ fún ẹnì kan nílé rí, pé nítorí rẹ̀ lòun ṣe rú òfin, pé iṣẹ́ òun sì bá a lọ. Ó rò pé inú rẹ̀ á yọ́.

"Ó ku bí i mélòó ká kanlẹ̀?"

"Ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, Alhaja."

Hàlímàt gbójú sókè wo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé, ó ń fojú wọ̀n ọ́n.

"Kò tiẹ̀ tó òpó yẹn. Ìyẹn náà lo fi gbé mi padà?"

"Igi ló wà níwájú wa. Mo rí òdòdó orí ẹ̀. Gbogbo wa la ò bá kú, àti ẹ̀yin náà."

"Ìwọ rí igi," Hàlímàt wí. "Èmi ò rí bàbá mi."

Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí gáréèjì. Kẹ̀kẹ́ ti ṣẹ́ kọ́nà rélùwéè kí Rídwàn tó dìde nílẹ̀.